Bàbá, Ọ̀la Ni Mo Ń Bọ́ Sínú Ọ̀sà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọkọ Màmá mi,

Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ kú ilé o. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà ṣì ń ná an, ara wa sì le. Ọ̀sán Sátidé ni. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn òkun ń wọlé, Màmá ń sùn ní yàrá kejì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí níwájú bẹ́ẹ̀dì mi, nítorí bẹ́ẹ̀dì ti kún, kò sí ibi tí mo lè fìdí lé lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín.

Kásíkì wà níbẹ̀, èyí tí a fi ń dáàbò bo orí lórí kẹ̀kẹ́. Bàtà eré ìje wà níbẹ̀. Lúnẹ́ẹ̀tì omi tí a fi ń bo ojú, fìlà rọ́bà tó fẹ́ fa gbogbo irun mi tu, ìgò omi, èso dábínù nínú ọ̀rá, àti aṣọ dúdú kan tó ń dán bí awọ ẹja àrọ̀. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ fara ti ògiri, ó mọ́ ju àwọn àwo oúnjẹ wa lọ. Bàbá, ọmọ yín tí kì í lè rìn kíákíá lọ bá ọlọ́kadà zẹmijan ní ìkóríta kó má mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀la ló fẹ́ ṣe tíríátílọ́ọ̀nù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí yín. Eré mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra láìsí ìsinmi láàárín wọn. Ènìyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Bó bá ti jáde nínú omi, á bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á tún máa fẹsẹ̀ sáré lọ. Tiwa yìí ni àbúrò pátápátá nínú wọn, sipíríǹtì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àbúrò tí kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. A ó lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ekpè, a ó gun kẹ̀kẹ́ ogún kìlómítà lọ sí ọ̀nà Sèmè-Kpodji ká sì padà, a ó wá sáré kìlómítà márùn-ún lórí ilẹ̀ oníyanrìn létí òkun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tí mo bi ara mi ni pé, ta ló ṣẹ̀ wọ́n?

Rafiatu ló fà mí wọ̀ ọ́. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ló dé àdúgbò wa. Ọmọ Ṣakété ni, aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fàmasí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Cadjèhoun. Lẹ́yìn tó bí ọmọ rẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìdájí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú, tòun ti ìborí rẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ó wá ra oògùn ikọ́, ó rí mi tí mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tí mo ń kérora nítorí ìdúró àtàárọ̀.

"Jẹ́ ká jọ máa sáré," ló sọ. "Ẹsẹ̀ tí kì í rìn ló ń dun ènìyàn."

Mo ní mo ti dàgbà jù.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Bàbá, mo ronú títí, n kò rí ẹni tí mo lè dárúkọ. Lọ́jọ́ kejì ni mo wọ bàtà tẹ̀ lé e. A ò tíì dé igun ògiri tí mo fi di igi kan mú. Ṣùgbọ́n Rafiatu kì í fini ṣẹ̀sín. Ó dúró, ó ń fò sókè fò sílẹ̀ lójú kan náà, ó ní kí n mí, ká tún tẹ̀ síwájú. Nígbà tó yá, igi yẹn di ohun tí mò ń sáré kọjá, tí mo sì ń kí. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra lórí wa, Rafiatu á gbé ọwọ́ sókè, á ní kí wọ́n bá òun kí àwọn ará Paris, kí wọ́n sọ fún wọn pé òun ò ráyè wá, òun ń sáré.

Kẹ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ẹrù àlòkù tó ń bọ̀ láti òkè òkun? Fúráǹsì-orẹfúà. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé yàtọ̀ sí ìyàwó yín àti àwa ọmọ, kò sí ohun kan nínú ilé yìí tí kò tíì kí Fúráǹsì pé ó dàbọ̀. Ó dáa, kẹ̀kẹ́ mi náà ti kí i. Aláwọ̀ ewé ni, ara rẹ̀ fúyẹ́, ìka méjì ni mo fi ń gbé e. Ẹni tó lò ó rí ga jù mí lọ, a ní láti rẹ ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀ títí kò fi sí ibi tó tún lè lọ mọ́. A pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, a pààrọ̀ táyà méjèèjì. Mo ti mọ bí a ṣe ń yọ túùbù, bí a ṣe ń fi sínú omi wá ibi tó ti jò, bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Èékánná mi ti dúdú, àwọn oníbàárà fàmasí ń wò mí lọ́wọ́. Mo fi ń yangàn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni kí n sọ fún yín. Aṣọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń wọ̀ nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí pé à ń lọ pààrọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún un kò sí ní ọjà wa, Rafiatu sì ní ẹ̀gàn ni kí aránṣọ máa wá aṣọ kiri. Ó rán méjì láti ara aṣọ kan tó ń fà bíi rọ́bà, tèmi aláìlápá, tirẹ̀ tó bo apá àti ẹsẹ̀, tó sì ní ìborí. Ó dára lójú! A gbé e lọ sí písíìnì òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń kọ́ lúwẹ̀ẹ́, a bọ́ sómi, omi gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé, kò sì rí ibi jáde. Nígbà tí mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn jáde, ẹ̀yìn mi ti wú bí àpò gààrí tí òjò pa. Músíọ̀ Antoine tó ń kọ́ wa, olùkọ́ eré ìdárayá ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Rafiatu ò bínú. Ó lọ sí Dantokpa, ó tú ìdì aṣọ àlòkù wò, ó ṣa àwọn aṣọ ìwẹ̀ òyìnbó, ó tú wọn palẹ̀, ó sì fi wọ́n rán èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi yìí. Omi ò lè gbé inú rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ wo ara mi nínú dígí. Bàbá, mo ní itan! N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òun náà ló fa okùn bàtà mi jáde, tó fi rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá jáde nínú omi, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ta ni yóò ráyè máa so okùn? Báyìí, mo kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni, rọ́bà á sì dì í mú. A da pódà ọmọdé sínú bàtà kó lè yọ́ wọlé. A gé kọ́tìnì àtijọ́ tó ní òdòdó pupa ńláńlá sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ wa kí a lè tètè dá ibi tiwa mọ̀ láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tó kù. Kọ́tìnì pálọ̀ yín ni, Bàbá. Màmá ló yọ̀ǹda rẹ̀.

Láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán ni mo ti ń tò ó, tí mo tún ń tú u. Lúnẹ́ẹ̀tì òòrùn nínú kásíkì, kásíkì ní ìdojúdé, okùn rẹ̀ ní ṣíṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bàtà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí mi. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń rí yín. Bí ìwọlé iléèwé bá ku ọ̀la, ẹ ó ti tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sórí àga, ẹ ó ti tẹ́ ṣòkòtò sábẹ́ mátíráàsì kó lè ní ìlà, ẹ ó ti to ṣọ́ọ̀kì sínú agolo mílíìkì, ẹ ó wá jókòó máa fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ẹ ó sì máa fẹ́ ẹnu rẹ̀ fúú. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Màmá á ní ṣé ẹ ń lọ fẹ́ ìyàwó ni. Mo máa ń rò ó pé ìbẹ̀rù àpẹ́dé ni. Lónìí ni mo wá mọ̀ pé inú yín ló máa ń dùn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ìyàtọ̀ wà láàárín ká sáré lásán àti ká sáré lẹ́yìn tí a bá gun kẹ̀kẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fò bọ́ sílẹ̀ tí mo ní kí n sáré, ẹsẹ̀ mi dà bí àkàsà tí kò tíì dì. Mò ń pàṣẹ fún wọn, wọn ò gbọ́. Rafiatu pariwo pé kí n má dúró, pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ń bọ̀ wálé. Lóòótọ́, bí ìgbà tí a dé ìdí òpó iná kejì, ẹsẹ̀ mi padà di tèmi. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ, Rafiatu sì ń bá mi gbè é, òun Mùsùlùmí.

Omi ni ìṣòro. Ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Bí a bá lọ sétí òkun ní Mọ́ńdè Àjíǹde, kí oúnjẹ tó kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti bọ́ bàtà, ẹ ó sì fi gìgísẹ̀ fa ìlà gbọọrọ sórí yanrìn, jìnnà sí omi, ẹ ó ní ẹni tó bá kọjá rẹ̀ kò ní jẹ adìẹ. A ò kọjá rẹ̀ rí. Ìtàn yín sì ti wà létí wa, pé nígbà tí ìjọba rán yín láti Pobè lọ kọ́ni ní ìlú orí omi, ọmọ ilẹ̀ pupa tí kò rí ju odò tó dé orúnkún rí, ẹ wọ ọkọ̀ àjẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ẹ fi eyín gbé báàgì yín, ẹ sì di ojú títí ó fi gúnlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sọ ọ́, a máa ń rẹ́rìn-ín dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú yín. Mo sì gbà pé irú wa kọ́ ni irú ẹni tó ń wọ omi.

Ní písíìnì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò jẹ́ kí ojú mi kan omi. Músíọ̀ Antoine ní kí n má bínú sí omi, kí n kàn máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ kókó gbígbóná nínú ife kó tó mu ún. Mo ń fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ títí mo fi gbàgbé láti bẹ̀rù. Nígbà tó yá, mo lè wẹ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì, kí n yí padà, kí n tún lọ. Mo rò pé ó ti parí.

Ni wọ́n bá kó wa lọ sí ọ̀sà láti dán an wò. Bàbá, omi ọ̀sà kì í ṣe omi písíìnì. Ó dúdú. Mo ki ojú bọ̀ ọ́, n kò rí ọwọ́ ara mi. Ewéko kan fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀, ó rọra fà á, bí ẹni pé ó mọ̀ mí. Èémí mi já. N kò rántí kókó kankan. Ariwo tí mo pa, àwọn ẹyẹ létí omi gbéra. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ àjẹ̀ tó ń ṣọ́ wa ló fà mí sókè. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà mú, mo sì di ojú. Bí ẹ ṣe ṣe náà ni mo ṣe gẹ́lẹ́.

Rafiatu wẹ̀ já. Ó fẹ́ jókòó tì mí, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Kútọnu, mo sọ fún un pé òun nìkan ni yóò ṣe é. Ó kàn gbé orí mi lé èjìká rẹ̀.

Títí di ìgbà yẹn, n kò tíì sọ fún Màmá pé omi wà nínú rẹ̀ rárá. Sísáré àti kẹ̀kẹ́ nìkan ló mọ̀, ó sì ti ń kùn sí ti kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, nínú ìbànújẹ́, mo sá aṣọ náà àti lúnẹ́ẹ̀tì sórí okùn nínú àgbàlá, mo sì lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà, lúnẹ́ẹ̀tì náà wà lórí itan rẹ̀.

"Lúnẹ́ẹ̀tì ta nìyí?"

"Tèmi ni, Màmá."

"Èyí tí kò lápá? Báwo lo ṣe ń fi kọ́ etí?"

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti písíìnì títí dé inú ọkọ̀ àjẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti jáwọ́. Mo ní, "Mo tiẹ̀ mọ̀ pé Bàbá kì bá tí gbà. Ẹ rántí ìlà tí wọ́n máa ń fà."

Màmá dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà.

"Bàbá rẹ kọ́ ló ni ìlà yẹn," ló wí. "Èmi ni mo ní kó fà á."

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdébìnrin, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú òun láti Pobè wá wo òkun, òun rí obìnrin kan tó ń sáré lọ sáré bọ̀ létí omi, tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìgbì ti gbé e. Ó pe orúkọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá ní nígbà tí òun bí mi, òun ò gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ yín ju pé kí ẹ ṣèlérí pé ọmọ òun kò ní wọ omi.

"Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Àwọn ará ìlú orí omi yẹn ló kọ́ ọ. Ìtàn tó máa ń sọ fún yín, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sọ ìyókù, nítorí tèmi."

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀? Gbogbo àwọn Mọ́ńdè wọ̀nyẹn, tí ẹ máa ń ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ẹ máa ń dúró lórí ìlà yín wo òkun fún ìgbà pípẹ́, tí a rò pé ẹ ń ṣọ́ wa, ṣé ara yín ń fẹ́ ẹ ni? Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà? Àbí ìlérí tí ẹ ṣe fún Màmá kò ní ọjọ́ tó ń parí? Mo bi ògiri, mo bi fọ́tò yín. N kò bínú. Mo kàn ń rí yín ní ọ̀nà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan nínú omi, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò tíì jẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni.

Màmá ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ó fi etí ìró nu lúnẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fún mi.

"Nígbà wo lẹ tún ń lọ?"

"Màmá, mo ní mo ti jáwọ́."

"Mo gbọ́. Nígbà wo lẹ tún ń lọ? Mo fẹ́ wá wò ó."

Bó ṣe di pé mo padà sí ọ̀sà nìyẹn. Màmá wọ bùbá ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi rósárì sọ́wọ́. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi àgbọn létí omi, ó wò ó, kò jókòó. Ó lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀, ó ní òun ń bá wọn lọ. Músíọ̀ Antoine sáré wá, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ̀rù á bà yín, ẹ jókòó síhìn-ín, ẹ ó máa rí i."

Màmá ní, "Ọmọ mi wà nínú omi, kí ni kí n máa ṣe lórí ilẹ̀?"

Wọ́n wọ jilé aláwọ̀ ọsàn fún un lórí bùbá, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọkùnrin méjì ló gbé e sínú ọkọ̀. Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wà á.

Mo bọ́ sómi. Rafiatu wà lápá ọ̀tún mi, ọkọ̀ Màmá lápá òsì. Mò ń lọ, mò ń lọ, gbogbo rẹ̀ dára, títí tí mo fi dé àárín, tí òkùnkùn omi náà tún rọ́ wọlé sí mi lójú. Mo gbé orí sókè, mo ń wá ibi tí mo máa dì mú. Ni mo bá gbọ́ ohùn Màmá, ohùn tó fi ń pè wá wálé láti òpópónà kejì nígbà tí a wà ní kékeré:

"Fẹ́ kókó rẹ! Fẹ́ ẹ! Ó ṣì gbóná!"

Àwọn ọlọ́kọ̀ ò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sọ fún un. Mo ki ojú bọmi, mo fẹ́ ẹ. Mo tún fẹ́ ẹ. Ẹ̀rín ń pa mí lábẹ́ omi, ẹni tí ẹ̀rín bá sì ń pa kò ráyè kú. Ewéko fọwọ́ kàn mí, mo jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí. Nígbà tó yá ni ọwọ́ mi gbá ẹrẹ̀. Mo dìde dúró, omi kò ju orúnkún lọ. Mo ti dé òdì kejì! Màmá pariwo "Ògo!" débi pé ọkọ̀ náà fì, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó. Rafiatu ti jáde ṣáájú mi, ó ń jó nínú ẹrẹ̀ tòun ti ìborí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo ń ta páránsẹ́tamọ́ọ̀lù fún ènìyàn, mò ń fi ọwọ́ wẹ̀ lábẹ́ káńtà. Mo ń lálàá kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé mo lè ṣe ìgbẹ̀yìn lọ́la, kò sì dùn mí rárá. Ẹni ìgbẹ̀yìn náà á jẹ ọsàn tí wọ́n ń pín, wọ́n ti fi dá mi lójú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n gbọ́ bí táyà mi ṣe ń dún lórí ọ̀nà Ekpè nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ẹrù. Mo fẹ́ rí Rafiatu níwájú mi, kí n bú u, kí n sì lé e. Mo fẹ́ kí yanrìn gbóná lábẹ́ bàtà mi.

Ní àárọ̀ yìí ni a lọ forúkọ sílẹ̀. Màmá ní òun ń bá wa lọ, kò sí ẹni tó lè sọ pé rárá fún un mọ́. Wọ́n ṣàyẹ̀wò kẹ̀kẹ́ wa, wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n ní ó dára. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tó mú pẹ́ẹ̀nì dúdú olórí gbọọrọ lọ́wọ́ ní kí n na apá mi wá, ó sì kọ nọ́ńbà mi sí i, ńlá, láti èjìká dé ìgúnpá. Ẹ̀tàdínlógún. Ó kọ ti Rafiatu sórí apá aṣọ rẹ̀. Bí ó ṣe yíjú láti pe ẹni tó kàn, Màmá ti ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó ti na apá.

"Kọ tèmi náà."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò mí. Ó rọra sọ pé, "Màmá, ẹ̀yin náà ń díje ni?"

Màmá ní, "Kí lo rò pé mo wá ṣe níbí? Ẹ̀tàdínlógún. Kọ ọ́ kó hàn."

Ó kọ ọ́, ó hàn. Nínú tásí, gbogbo ọ̀nà, Màmá ò sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. Apá ọ̀hún ló gbé sójú fèrèsé. Nígbà tí a délé, ó jẹun, ó ní òun ń lọ sinmi nítorí ọ̀la le. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọjú wò ó ni. Ó ń sùn lórí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ìrọ̀rí gbé apá náà sókè kí nọ́ńbà má bàa pa rẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín, ẹni tí ìfẹ́ yín kò tán nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè dúró sójú kan láti òwúrọ̀.